Fíìmù Méje Láti Ọdún 2022 Tí A Dábàá Fún Àwọn Ará Pobè àti Sakété

Ojú-ewé yìí wà fún àwọn òbí àti àwọn ọ̀dọ́ tó máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ wa pé fíìmù wo ni àwọn lè jókòó wò nínú ilé, kí ọmọ gbọ́ èdè, kí ó sì mọ ìtàn. A mú ọdún kan ṣoṣo, ọdún 2022, a sì yan fíìmù méje láti inú rẹ̀. Oríṣi wọn kò bára mu: ìtàn ìgbàanì wà níbẹ̀, ti ogun wà níbẹ̀, ti ìbànújẹ́, ti olè àti ọdẹ, ti ẹ̀rín, ti ọ̀daràn ìgboro, àti èyí tí kì í ṣe eré rárá, tó jẹ́ pé ènìyàn gidi ló ń sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, a sọ ẹni tó darí rẹ̀, èdè tí wọ́n ń sọ nínú rẹ̀, ohun tó dá lé lórí, ìdí tí a fi yàn án, àti ẹni tó yẹ kó wò ó.

Ìdí tí a fi mú ọdún 2022

Ní oṣù kejì ọdún 2022, wọ́n ṣí àfihàn ńlá kan ní ààfin ààrẹ ní Kútọnu. Níbẹ̀ ni àwọn ará ìlú ti fi ojú ara wọn rí ohun ìṣúra ọba 26 tí ilẹ̀ Faransé dá padà ní oṣù kọkànlá ọdún 2021. Ní Àgbómẹ̀ ni àwọn ọmọ-ogun Faransé ti kó wọn ní ọdún 1892, ère ọba Ghézo, ti Glèlè àti ti Béhanzin sì wà lára wọn. Ní ọjọ́ 30 oṣù keje ọdún 2022 kan náà, wọ́n ṣí aṣọ lójú ère obìnrin jagunjagun Dàhòmì kan ní Kútọnu, gíga rẹ̀ tó mítà 30. Kò tíì pé oṣù méjì lẹ́yìn èyí tí fíìmù The Woman King fi jáde ní Amẹ́ríkà, tí gbogbo ayé sì ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn obìnrin ogun wọ̀nyí. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án, Aníkúlápó jáde, ó gbé ààfin Ọ̀yọ́ síta fún ayé wò. Ní ọjọ́ 4 oṣù kọkànlá, Ẹlẹ́ṣin Ọba tẹ̀lé e.

Láàárín oṣù díẹ̀, Dàhòmì àti Ọ̀yọ́ ti jọ wà lójú ayé. Àárín àwọn méjèèjì ni àwa wà. Èdè wa àti òrìṣà wa bá ti Kétu àti ti Ọ̀yọ́ tan. Ṣùgbọ́n àdéhùn tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì bá ara wọn ṣe ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889 pín ilẹ̀ Yorùbá apá ìwọ̀-oòrùn sí méjì. Kétu, Pobè àti Sakété bọ́ sí ọwọ́ Faransé. Ìmẹ̀kọ, Ìlárá àti Ìpókíá bọ́ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Orílẹ̀-èdè tí a wá di ọmọ rẹ̀ jẹ́ orúkọ Dàhòmì títí di oṣù kọkànlá ọdún 1975 kí ó tó di Benin. Faransé ni àwọn ọmọ wa fi ń kàwé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló mọ orúkọ Béhanzin dáadáa kí wọ́n tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Kétu ní ọdún 1886.

Nítorí náà, nígbà tí ọmọ Pobè tàbí ọmọ Sakété bá ń wo fíìmù tí Ọ̀yọ́ àti Dàhòmì ti ń jà, ìbéèrè kan wà tí yóò bi òbí rẹ̀ bó pẹ́ bó yá: ẹ̀yìn ta ni àwa wà? A kọ ojú-ewé yìí kí òbí náà má baà dákẹ́.

1. Aníkúlápó: ìtàn ìgbàanì, ìfẹ́ àti àràmàǹdà

Kunle Afolayan ló darí rẹ̀. Ó gùn tó wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 22. Yorùbá ni èdè tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Orí Netflix ni ó ti jáde.

Sàró, ahunṣọ òfì kan, wá wá iṣẹ́ sí Ọ̀yọ́. Obìnrin olówó kan tó ń jẹ́ Awarun gbà á sílé, ó fún un ní àyè, ó sì fẹ́ràn rẹ̀. Ipasẹ̀ rẹ̀ ni Sàró fi di ẹni mímọ̀ ní ààfin. Níbẹ̀ ni ojú òun àti Àrólákẹ́, olorì tó kéré jù, ti ṣe mẹ́rin. Àṣírí tú, wọ́n lu Sàró pa, wọ́n sì jù ú sínú igbó. Ẹyẹ àkàlà kan bà lé e, ó jí i dìde. Àrólákẹ́ gba ohun tí ẹyẹ náà fi ń jí òkú lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn méjèèjì sì sá lọ sí ìlú mìíràn. Níbẹ̀ ni Sàró ti di ẹni tó ń jí òkú, ó di olówó, ó di ọlọ́lá, ó sì gbàgbé ẹni tó gbà á lọ́wọ́ ikú. Kunle Remi ló ṣe Sàró, Bimbo Ademoye ló ṣe Àrólákẹ́, Sola Sobowale ló ṣe Awarun.

Ìdí àkọ́kọ́ tí a fi yàn án ni èdè. Àwọn òṣèré náà ń sọ Yorùbá tó jinlẹ̀, wọ́n ń kí ọba bí a ti ń kí ọba, wọ́n ń pa òwe níbi tó yẹ. Kì í ṣe ohùn Nàgó tiwa gan-an, ohùn Ọ̀yọ́ ni, ṣùgbọ́n ọmọ tó bá gbọ́ tiwa yóò gbọ́ ọ. Kí òbí dá fíìmù dúró nígbà mìíràn, kí ó sọ pé, «Báyìí ni wọ́n ṣe sọ ọ́, báyìí ni àwa ṣe ń sọ ọ́ nílé.» Ìdí kejì ni iṣẹ́ ọwọ́: òfì wà níbẹ̀, ìkòkò mímọ wà níbẹ̀. Ìdí kẹta ni ẹ̀kọ́ inú rẹ̀, pé ẹni tí a gbà là kì í di ẹni tó ń fi olùgbàlà rẹ̀ ṣẹ̀sín.

Kì í ṣe fún ọmọdé. Ìran ìbálòpọ̀ wà nínú rẹ̀. Ọ̀dọ́ tó ti dàgbà àti àgbàlagbà ló yẹ kó wò ó. Ẹni tó bá gbádùn rẹ̀ lè wá apá tó tẹ̀lé e, tó jáde ní oṣù kẹta ọdún 2024.

2. Ẹlẹ́ṣin Ọba: eré ìbànújẹ́

Biyi Bandele ló kọ ọ́ sí fíìmù, òun náà ló sì darí rẹ̀. Ó ju wákàtí kan àti ààbọ̀ lọ díẹ̀. Yorùbá ni àwọn ará Ọ̀yọ́ ń sọ, Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn òyìnbó ń sọ. Wọ́n kọ́kọ́ fi í hàn ní àjọ̀dún fíìmù Toronto ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, kí ó tó dé orí Netflix. Bandele kò rí ọjọ́ náà: ó kú ní ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ ọdún náà, ẹni ọdún 54.

Inú eré Wole Soyinka tó jáde ní ọdún 1975 ni wọ́n ti mú ìtàn náà. Eré náà wà ní Faransé pẹ̀lú orúkọ La Mort et l'écuyer du roi, nítorí náà ẹni tó bá ń ka Faransé ju Yorùbá lọ lè kà á kí ó tó wo fíìmù. Ìṣẹ̀lẹ̀ tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ ní Ọ̀yọ́ nígbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Dúró Ládiípọ̀ ti fi ìṣẹ̀lẹ̀ kan náà ṣe eré Ọba Wàjà ní Yorùbá ṣáájú Soyinka.

Aláàfin wàjà. Gẹ́gẹ́ bí àṣà, ẹlẹ́ṣin rẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀lé e lọ. Ní alẹ́ tó yẹ kí ó lọ, ẹlẹ́ṣin rí ọmọbìnrin arẹwà kan, ó ní òun yóò fẹ́ ẹ kí òun tó lọ. Ìyálọ́jà kò fẹ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ ọ̀rọ̀ fún ẹni tó ń lọ sí ọ̀run? Níbi tó ti ń fi ẹsẹ̀ falẹ̀, ajẹ́lẹ̀ òyìnbó rán ọlọ́pàá láti mú un kí ó má baà kú. Olúńdé, ọmọ rẹ̀ tó lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà ní ìlú òyìnbó, ti padà wálé láti sin baba rẹ̀. Kí ni yóò ṣe nígbà tó bá bá baba náà láàyè? Odunlade Adekola ni ẹlẹ́ṣin, Shaffy Bello ni ìyálọ́jà, Deyemi Okanlawon ni Olúńdé.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò wò ó tán, wọn yóò sì sọ pé òyìnbó ló ba nǹkan jẹ́. Soyinka fúnra rẹ̀ kọ ọ́ síwájú eré náà pé kí a má ṣe sọ ọ́ di ìjà àṣà dúdú àti àṣà funfun lásán. Ẹ wo ẹlẹ́ṣin dáadáa kí ọlọ́pàá tó dé. Ṣé ó ti ṣe tán láti lọ? Ìbéèrè yìí ló yẹ kí a jókòó jíròrò. Fún àwa tí Faransé ṣe ìjọba lé lórí, ó tún dára láti béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà pé àwọn àṣà wo ni ìjọba òyìnbó dá dúró ní ìlú wa, àti àwọn wo ni àwa fúnra wa fi sílẹ̀.

Fún ẹni ọdún 16 sókè. Ikú àti ìpara-ẹni wà nínú rẹ̀, nítorí náà kí àgbàlagbà wà níbẹ̀.

3. King of Thieves, tí wọ́n tún ń pè ní Ògúndábẹ̀dẹ̀: olè, ọdẹ àti oògùn

Tope Adebayo àti Adebayo Tijani ló darí rẹ̀. Ó dé ilé sinimá ní Nàìjíríà ní ọjọ́ 8 oṣù kẹrin ọdún 2022. Yorùbá ni èdè rẹ̀.

Olè kan tó ń jẹ́ Àgéṣinkólé kò jẹ́ kí ìlú Àjẹrọ̀mí sinmi. Ìbọn kò ràn án, àdá kò ràn án. Ọba pe àwọn ọdẹ, ó pe àwọn babaláwo, ó pe àwọn àjẹ́, kí gbogbo wọn pa agbára pọ̀. Femi Adebayo ni Àgéṣinkólé. Ọmọ Adebayo Salami, tí gbogbo wa mọ̀ sí Ọ̀gá Bello, ni òun àti Tope tó bá wọn darí fíìmù náà. Ẹni tó ti ń wo fíìmù Yorùbá láti ìgbà kásẹ́ẹ̀tì, nígbà tí wọ́n ń gba Ìdí-Ìrókò àti Igolo wọlé sí ọ̀dọ̀ wa, yóò mọ̀ pé ilé kan náà ni iṣẹ́ yìí ti jáde, ṣùgbọ́n àwòrán àti ohùn rẹ̀ ti dára jù ti àtijọ́ lọ.

A yàn án nítorí ọfọ̀, ìjúbà àti oríkì tó pọ̀ nínú rẹ̀, àti nítorí pé ó rántí wa pé ìlú kì í borí ọ̀tá nígbà tí ìjòyè kan ń bá ìjòyè kejì jà. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ ṣọ́ ni ọ̀nà tí fíìmù gbà ń lo oògùn. Nínú fíìmù, oògùn máa ń tan iná, ó máa ń bú gbàmù. Ní ìlú wa, ẹni tó mọ ewé àti egbò ni a ń pè ní oníṣègùn, iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ sì ni ìwòsàn. Kí ọmọ má wo fíìmù tán kí ó máa bẹ̀rù bàbá àgbà tó ń ta àgbo.

Ogun àti ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀. Fún ẹni ọdún 14 sókè.

4. The Woman King: fíìmù ogun

Gina Prince-Bythewood, ọmọ Amẹ́ríkà, ló darí rẹ̀. Ó gùn tó wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 15. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe é, ó sì wà ní Faransé. Ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n ti ya á.

Ní ọdún 1823, Dàhòmì ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún Ọ̀yọ́. Nanisca, tí Viola Davis ṣe, ni olórí àwọn obìnrin ogun ọba Ghézo. Ó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin tuntun ní ogun, lára wọn ni Nawi, ọmọ tí baba rẹ̀ fà wá sí ààfin nítorí pé ó kọ ọkọ. Ó tún ń rọ ọba pé kí ó fi òwò ẹrú sílẹ̀, kí ó máa ta epo pupa dípò ènìyàn. Ọ̀tá inú fíìmù náà ni Ọ̀yọ́, pẹ̀lú balógun kan tó ń jẹ́ Ọba Adé.

Kò sí fíìmù nínú méje yìí tó kàn wá bí èyí, kò sì sí èyí tó yẹ kí a là ní àlàyé tó o. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ohun tó jẹ́ òtítọ́ nínú rẹ̀. Àwọn obìnrin ogun Dàhòmì wà lóòótọ́, akọni sì ni wọ́n. Dàhòmì san ìṣákọ́lẹ̀ fún Ọ̀yọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún lóòótọ́, abẹ́ Ghézo ni wọ́n sì ti bọ́ àjàgà náà. Ọ̀yọ́ ta ẹrú lóòótọ́, kò sì sí ìdí tí àwa Nàgó yóò fi bo èyí mọ́lẹ̀.

Ohun tí fíìmù náà kò fi hàn ni ohun tó tẹ̀lé e. Ghézo kò fi òwò ẹrú sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ obìnrin kan ní ọdún 1823. Ó ń bá a lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi dí etíkun mọ́ ọn, tó fi fọwọ́ sí àdéhùn ní oṣù kìíní ọdún 1852. Nígbà tí agbára Ọ̀yọ́ sì wó, ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún Dàhòmì láti wọ ilẹ̀ Yorùbá. Ní ọdún 1848, wọ́n run Òkè-Ọ̀dàn. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta ọdún 1851, wọ́n kọlu Abẹ́òkúta, àwọn obìnrin ogun wà níwájú, Ẹ̀gbá sì lé wọn padà. Ní ọdún 1864, Glèlè tún gbìyànjú, kò rí i ṣe. Ní ọdún 1886, Kétu bọ́ sí wọn lọ́wọ́, wọ́n sun ún, wọ́n sì kó àwọn ará ìlú lọ. Ìgbà tí Faransé ṣẹ́gun Àgbómẹ̀ tán ni àwọn tó ṣẹ́kù padà wá tún Kétu kọ́.

Àwọn ìlú tí a dárúkọ yìí kò jìnnà sí wa, ìbátan wa sì ni wọ́n. Ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú ní Kétu ní ọdún 1886, ọmọ-ọmọ rẹ̀ lè wà nílé ẹ̀gbẹ́ yín lónìí. Kì í ṣe pé a fẹ́ kí ọmọ Sakété kórìíra ọmọ Àgbómẹ̀. A ti di ọmọ orílẹ̀-èdè kan, a ti fẹ́ ara wa, a ti bí ọmọ fún ara wa. Ohun tí a ń sọ ni pé akọni obìnrin tí ère rẹ̀ wà ní Kútọnu jẹ́ akọni lójú ẹni tó rán an, ó sì jẹ́ ìpayà lójú ẹni tí wọ́n rán an sí. Ìtàn méjèèjì jẹ́ òtítọ́, ọmọ wa sì ní ẹ̀tọ́ láti gbọ́ méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ epo pupa inú fíìmù náà tún kàn wá. Ẹni tó bá mọ Pobè mọ ọ̀pẹ. Ibẹ̀ ni ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ ti ilẹ̀ yìí wà láti ìgbà Faransé. Ẹ lè fi fíìmù náà bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ lórí bí epo ṣe di òwò, ta ni ó ń fọ́ ẹ̀kùrọ́, ta ni ó ń gba owó.

Fún ẹni ọdún 14 sókè, pẹ̀lú àgbàlagbà. Fíìmù náà sọ̀rọ̀ ìfipábánilòpọ̀, ogun inú rẹ̀ sì le.

5. Battle on Buka Street: ẹ̀rín

Funke Akindele àti Tobi Makinde ló darí rẹ̀. Ó dé ilé sinimá ní Nàìjíríà ní ọjọ́ 16 oṣù kejìlá ọdún 2022. Gẹ̀ẹ́sì, Gẹ̀ẹ́sì àdàlù, Yorùbá àti Ìgbò ni wọ́n ń dà pọ̀ sọ.

Yéjídé àti Awele jẹ́ ọmọ baba kan náà, ìyá wọn yàtọ̀. Ìjà orogún tí àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ ni àwọn ọmọ jogún. Àwọn méjèèjì ń ta oúnjẹ ní àdúgbò kan náà, ẹnì kan kò sì fẹ́ kí ẹnì kejì rí oníbàárà. Funke Akindele ni Yéjídé, Mercy Johnson Okojie ni Awele. Nígbà tí fíìmù náà ń lọ lọ́wọ́, ó di èyí tó pa owó jù lọ nínú àwọn fíìmù Nàìjíríà ní ilé sinimá ilẹ̀ náà, títí tí fíìmù mìíràn tí Funke Akindele kan náà ṣe, A Tribe Called Judah, fi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan.

Ẹ̀rín ni, ṣùgbọ́n ilé olórogún kì í ṣe ohun àjèjì ní Pobè tàbí ní Sakété, bẹ́ẹ̀ ni obìnrin tó ń fi ìkòkò ọbẹ̀ bọ́ ọmọ. Ẹni tó bá ti gbọ́ òwe ọbàkan àti ìyekan lẹ́nu àgbà yóò mọ ibi tí ìtàn náà ti ń dùn. A yàn án nítorí pé gbogbo ilé lè jókòó wò ó pọ̀, àti nítorí pé ó bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ alásè. Yorùbá inú rẹ̀ kò pọ̀ tó ti àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́. Ẹ má ṣe fi kọ́ ọmọ ní èdè. Ẹ fi rẹ́rìn-ín.

Fún gbogbo ẹbí, bí ọmọ bá ti tó ọdún 12.

6. Brotherhood: ọ̀daràn àti ọlọ́pàá

Loukman Ali, ọmọ Uganda, ló darí rẹ̀; Jade Osiberu ló ṣe agbátẹrù rẹ̀. Ó jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022. Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àdàlù àti Yorùbá díẹ̀.

Akin àti Wálé jẹ́ ìbejì. Àwọn adigunjalè pa òbí wọn nígbà tí wọ́n wà ní kékeré. Nígbà tí wọ́n dàgbà, ọ̀kan di ọlọ́pàá, èkejì di adigunjalè. Ọlọ́pàá náà wá bọ́ sínú ẹgbẹ́ tí wọ́n ní kí ó lọ mú àwọn olè tí ìkejì rẹ̀ wà láàárín wọn. Tobi Bakre ni olè, Falz ni ọlọ́pàá.

Nínú gbogbo àkójọ yìí, òun ni ó jìnnà jù sí iṣẹ́ ẹgbẹ́ wa, a kò sì ní purọ́ pé fíìmù àṣà ni. A fi í síbẹ̀ nítorí ìbejì. Ọwọ́ pàtàkì ni ilẹ̀ wa fi mú ìbejì: a ń kì wọ́n, a ń sè fún wọn, bí ọ̀kan bá kú a ń gbẹ́ ère rẹ̀. Kí ni a wá ń sọ nígbà tí ìbejì bá dojú ìbọn kọ ara wọn ní Èkó? Ọ̀dọ́ tí kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ààfin àti ogun lè gba ọ̀nà yìí wọlé. Ó tún fi hàn pé ọmọ tí kò rí ẹni tọ́ ọ, òpópónà ni yóò tọ́ ọ.

Ìbọn àti èébú pọ̀ nínú rẹ̀. Fún ẹni ọdún 16 sókè.

7. No U-Turn: fíìmù ojúlówó

Ike Nnaebue, ọmọ Nàìjíríà, ló darí rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n fi í hàn ní àjọ̀dún fíìmù Berlin ní oṣù kejì ọdún 2022, níbi tí àwọn adájọ́ fíìmù ojúlówó ti dárúkọ rẹ̀ fún ìyìn pàtàkì.

Nígbà tí Nnaebue wà ní ọ̀dọ́, ó gbéra láti Nàìjíríà, ó fẹ́ gba orí ilẹ̀ dé Yúróòpù. Kò dé ibẹ̀. Ó lé ní ogún ọdún lẹ́yìn náà kó tó tún gba ojú ọ̀nà kan náà, pẹ̀lú kámẹ́rà lọ́tẹ̀ yìí: láti Èkó wọ Benin, ó gba Mali àti Mauritania kọjá, títí dé Mọ̀rókò. Ó ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó bá pàdé ohun tó mú wọn kúrò nílé. Àwọn obìnrin pọ̀ láàárín wọn.

Nínú méje yìí, òun nìkan ni kò lo eré rárá, òun sì ni a fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ wa wò jù. Àwọn ìlú wa wà lẹ́bàá ààlà. A rí àwọn tó ń kọjá lójoojúmọ́, a sì mọ ilé tí ọmọ ti lọ tí wọn kò tíì gbúròó rẹ̀. Fíìmù náà kò bú ẹni tó lọ, kò sì yìn ín. Ó jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀.

Fún ẹni ọdún 13 sókè. Ó dára kí olùkọ́ wò ó pẹ̀lú kíláàsì rẹ̀.

Bí a ṣe lè wò wọ́n

Kì í ṣe gbogbo ilé ló ní íntánẹ́ẹ̀tì tó lágbára. Àbá wa ni pé kí ẹbí mẹ́ta tàbí mẹ́rin dáwó jọ fún oṣù kan, kí wọ́n sì máa pàdé ní ilé kan. Aníkúlápó àti Ẹlẹ́ṣin Ọba jáde lórí Netflix. King of Thieves, Brotherhood àti Battle on Buka Street dé orí Prime Video lẹ́yìn tí wọ́n kúrò ní ilé sinimá. Ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọ́n ṣì wà níbẹ̀ kí ẹ tó san owó, kí ẹ sì wò ó bóyá ìtumọ̀ Faransé wà ní ìsàlẹ̀ àwòrán. Ẹ má ṣe ra èyí tí wọ́n jí dà kọ sórí káàdì fóònù ní ọjà. Ẹni tó ṣe fíìmù Yorùbá kò ní lè ṣe òmíràn bí a bá ń jí èyí tó ti ṣe.

Fún èyí tó jẹ́ Yorùbá, ẹ gbìyànjú kí ẹ pa ìtumọ̀ náà fún ìdajì wákàtí àkọ́kọ́. Ọmọ tó bá ń ka Faransé nísàlẹ̀ kò ní gbọ́ Yorùbá lókè. Bí kò bá yé e, kí ó béèrè. Ẹnu àgbà ni ìtumọ̀ tó dára jù.

Lẹ́yìn fíìmù kọ̀ọ̀kan, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́rin wọ̀nyí. Ta ni ó sọ ìtàn yìí, ibo ni ó dúró sí nígbà tó ń sọ ọ́? Ìlú wo ni wọn kò dárúkọ? Ọ̀rọ̀ Yorùbá wo ni a gbọ́ tí a kò mọ̀, kí ni a sì ń pè é ní ọ̀dọ̀ wa? Ta ni nínú ẹbí wa tó lè sọ apá tí fíìmù náà fi sílẹ̀?

Nínú fíìmù méje yìí, kò sí ọ̀kan tí ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti Pobè, láti Sakété, láti Ọ̀họ̀rí tàbí láti Ìfọ̀nyìn. Ọ̀yọ́ ní tirẹ̀, Àgbómẹ̀ ní tirẹ̀, Èkó ní tirẹ̀. Àwọn tó mọ ìtàn ti àárín ṣì wà láàyè, ṣùgbọ́n wọ́n ń dàgbà. Nítorí náà, ní alẹ́ tí ẹ bá wo The Woman King tán, ẹ fi fóònù gba ohùn ìdáhùn bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà sí ìbéèrè kẹrin. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó sọ̀rọ̀, ìlú rẹ̀ àti ọjọ́ tí ó sọ ọ́, kí ẹ sì mú un wá fún ẹgbẹ́. Ibi tí ẹni tí yóò ṣe fíìmù tiwa lọ́la yóò ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.